Iwájú Ilé-Ìwé La Ti Máa Dìbò

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni ẹnu ẹ̀rọ omi Alhaji Abdullateef ti máa ń kún fún èrò. Ní òpópónà Bádéjọ ní Mushin, omi ìjọba kì í yọ. Ẹ̀rọ tí Alhaji gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ géètì rẹ̀ nìkan ni gbogbo àdúgbò gbójú lé, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, kó tò sẹ́yìn, kó pọnmi, kó máa lọ.

Fàósátù wà lórí ìlà láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí Alhaji fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti bàkónì. Òun àti àwọn obìnrin tó kù kúnlẹ̀ kí i.

"Ìyá Muadh, ṣé Mùktárù ọkọ rẹ wà ńlé?"

"Ó ti jáde lọ Ládìpọ̀, sà."

"Kí o sọ èyí fún un tó bá dé. Gbogbo yín náà, ẹ gbọ́ o. Ìbò ti sún mọ́lé. Ẹ mọ bí iwájú ilé-ìwé yẹn ṣe máa ń rí bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àgbàlá mi ni a ó ti dìbò lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti ní kí wọ́n ta àtíbàbà, jẹnẹrétọ̀ wà, ẹ ó rí omi tútù mu."

"Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Alhaji!"

Alhaji rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣáà mọ̀ pé àbúrò mi Najeem ń díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ẹni tí mo bá ń fún lómi, ó yẹ kí n rí ibi tó tẹ̀ka sí."

Ẹ̀rín ni ó fi sọ ọ́, àwọn obìnrin náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Fàósátù gbójú sókè wo bàkónì yẹn. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kò sí ibi tí kò ní í rí nínú àgbàlá. Bí ó ṣe gbé omi rẹ̀ délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Iwájú ilé ni ó ti máa ń ṣiṣẹ́. Ìjókòó ọkọ̀ ni ó ń rán aṣọ sí, ọkọ rẹ̀ Mùktárù ló sì máa ń bá a gba iṣẹ́ wá láti Ládìpọ̀, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó dá máṣíìnì dúró, ó ro gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀.

Mùktárù mi orí. "Má dá sí i. Ṣé a ò fẹ́ mumi mọ́ ni?"

"Bàbá Muadh, ẹ wo bàkónì yẹn. Ṣé ẹ lè tẹ̀ka síbi tó wù yín, kí àwọn ọmọ Alhaji máa wò yín látòkè?"

"N ò sọ pé ó dáa. Mo ní kí o má dá sí i."

Ẹni tó dá sí i ni Bàbá Jeffrey, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá náà ní Ijora nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tì í kiri. Ó ti ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Mùktárù, ilé Alhaji tó ga yẹn, àtẹ̀gùn mélòó ni èèyàn ń gùn kó tó wọ géètì? Báwo ni èmi ṣe máa débẹ̀? Ṣé ẹ máa gbé mi wọlé bí àpò sìmẹ́ńtì ni?"

Mùktárù kò tíì ronú kan ìyẹn.

Ní ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Christabel ọmọ Bàbá Jeffrey wá kí bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Tíṣà ni ní Surulere, ó sì ti bá àjọ elétò ìdìbò ṣiṣẹ́ rí lọ́jọ́ ìbò. Kò tíì fìdí kalẹ̀ tán tí bàbá rẹ̀ fi ní kí Fàósátù wá sọ ohun tó gbọ́.

Christabel gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àǹtí Fàósátù, Alhaji kọ́ ló ń yan ibi tí a ti ń dìbò o. Àjọ elétò ìdìbò nìkan ló láṣẹ ẹ̀."

"Àní ó ti ní kí wọ́n ta àtíbàbà."

"Kó máa ta á. Ibi tí gbogbo èèyàn lè wọ̀ láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni ni ibùdó ìdìbò yẹ kó wà. Ilé-ìwé, pápá, gbọ̀ngàn ìlú, irú ibẹ̀ yẹn. Kì í ṣe àgbàlá ẹnìkan, kì í ṣe ààfin, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ ṣáà wò ó: tó bá jẹ́ ilé Alhaji ni, tí Alhaji bá ti géètì rẹ̀, ta ló máa ṣí i? Tó bá ní òun ò fẹ́ rí ẹnìkan nínú ilé òun, ta ló máa bi í?"

Mùktárù tó ti ń díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ yíjú padà. "Àmọ́ ẹrẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, Christabel. Alhaji ò parọ́ ìyẹn."

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Tí ibi kan ò bá dáa, à á sọ fún àjọ. Tí wọ́n bá máa gbé e kúrò, àwọn fúnra wọn ló máa gbé e, wọ́n á sì kéde rẹ̀ fún gbogbo èèyàn ṣáájú. Kì í ṣe pé ká jí lọ́jọ́ ìbò ká bá a nínú ilé ẹnìkan. Ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ẹ má dúró dọjọ́ náà."

"Ta ló máa lọ?" Mùktárù béèrè.

"Èmi," Fàósátù dáhùn. "Ìwọ̀nba ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n lé mi."

Wọn ò lé e. Ní ọ́fíìsì àjọ náà, obìnrin kan tó dá a lóhùn fi sùúrù gbọ́ ọ. Ó ní kò sí ẹni tó bá àwọn sọ̀rọ̀ àgbàlá kankan. "Iwájú ilé-ìwé ni ibùdó yín, ibẹ̀ náà ló ṣì wà. Bí ìyípadà bá máa wà, àwa la máa sọ fún yín. Ẹ sọ fún àwọn ará àdúgbò bẹ́ẹ̀." Obìnrin náà wá wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ní bí wọ́n bá lè kún ibi tí omi ń dá sí, ibẹ̀ á ṣe é lò, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ á sì lè débẹ̀.

Ni Fàósátù bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo èèyàn: iwájú ilé-ìwé ni, kì í ṣe ilé Alhaji.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí ẹni tó ni ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Ẹ̀ṣọ́ Alhaji kò tilẹ̀ dìde. "Ẹ̀rọ ti bàjẹ́," ló wí. "Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ Fàósátù bó ṣe bàjẹ́."

Ọjọ́ yẹn nira. Òpópónà kẹta ni wọ́n ti lọ pọnmi, owó ni wọ́n sì fi rà á. Obìnrin kan tó ti ń bá Fàósátù ṣọ̀rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ gbé omi kọjá níwájú rẹ̀, kò kí i. Òmíràn sọ ọ́ sí i lójú: "Ìwọ tí o mọ òfin, wá fi òfin fọ aṣọ ọmọ mi."

Fàósátù wọlé, ó jókòó sórí ibùsùn, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò ó pé bóyá kí òun lọ bẹ Alhaji. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ti ń to ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe rò ó síwájú sí i ni inú rẹ̀ ń le. Bí èèyàn bá lè ti omi pa nítorí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé tábìlì ìdìbò sí, kí ni kò ní í ṣe fún ẹni tó bá rí i tó tẹ̀ka síbòmíràn? Ó nu ojú rẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó lọ pọn omi tirẹ̀ àti ti Bàbá Jeffrey.

Nígbà tó dé, ó bá Mùktárù lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ti omi pa?"

"Wọ́n ti tì í."

Mùktárù gba kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá a wí. "Èmi ni mo ní kí o má dá sí i," ó ní. "Kò burú. Pákó pọ̀ ní Ládìpọ̀, àwọn tí wọ́n fi ń di ẹ́ńjìnnì wá láti òkè òkun. A máa ń dáná sun ún ni. Màá kó o wá."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn dé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ ń da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sínú kòtò iwájú ilé-ìwé, tí wọ́n ń da yanrìn lé e, tí wọ́n ń to pákó sórí rẹ̀. Bàbá Jeffrey wà lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń pàṣẹ bí ẹni tó ń to irin rélùwéè. Lẹ́yìn náà, ẹnìkan gbé ṣọ́bìrì wá. Ẹlòmíràn dé. Nígbà tó yá, obìnrin tó ní kí wọ́n fi òfin fọ aṣọ ọmọ òun náà gbé bàsíà yanrìn kan lórí dé, ó dà á sílẹ̀, ó ní, "Mo ṣì ń bínú o."

"Mo mọ̀," Fàósátù dáhùn. "Ẹ ṣé."

Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìbò. Nígbà tí Fàósátù sáré jáde ní ìdájí, omi ti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n pákó dúró. Orí rẹ̀ tutù, kò rì. Ó gba ìgbálẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá omi kúrò, àwọn aládùúgbò sì ń jáde wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò bọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Iwájú géètì Alhaji ni àwọn ọkùnrin kan tó dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú Najeem ti dá a dúró. "Ọ̀gá kọ́pà, ẹ káàbọ̀! Ibí ni o! Ẹ wo àtíbàbà, ẹ wo ìjókòó!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin agùnbánirọ̀ kan tó ń jẹ́ Jethro ni wọ́n fi ṣe olórí ibùdó náà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo ẹrẹ̀ òpópónà, ó wo àtíbàbà funfun tí wọ́n ta sínú àgbàlá. Ó rẹ̀ ẹ́, èèyàn sì ń fi ọ̀wọ̀ pè é. Ó ní kí wọ́n máa já ẹrù.

Fàósátù ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Kò sáré, kò pariwo. Ó rìn lọ bá a, Mùktárù àti àwọn aládùúgbò sì tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá kọ́pà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ní kí ẹ ti ṣe ìbò?"

"Iwájú ilé-ìwé, mà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní omi..."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀? Ṣé ọ̀gá yín ni?"

Jethro wo àwọn ọkùnrin onífìlà. "Rárá, mà."

"Ẹ bá wa pe ọ̀gá yín. Ohun tó bá sọ la máa ṣe. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pè é, ẹ wá fi ojú ara yín rí ibẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un."

Jethro bá a lọ. Ó tẹ pákó náà mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò mì. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe alábòójútó rẹ̀. Gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò ó lẹ́nu. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," lẹ́ẹ̀kan, ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi fóònù sápò.

"Ẹ kó ẹrù wá síbí," ó ké sí àwọn tó kù. "A ò kúrò níbi tí wọ́n fi wá sí."

Ìgbà náà ni Alhaji jáde. Aṣọ funfun ló wọ̀, ojú rẹ̀ sì le.

"Fàósátù! Ìwọ ni o ń ṣe báyìí? Omi ta lo ti ń mu láti ọjọ́ yìí wá?"

Fàósátù kúnlẹ̀ bí ó ṣe máa ń kúnlẹ̀. "Omi yín ni, Alhaji. A dúpẹ́, a ò sì ní í yé dúpẹ́. Àmọ́ omi lẹ fún wa, a ò fi àtàǹpàkò wa ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dìbò níbi tí gbogbo wa ti dọ́gba."

Ọlọ́pàá tó bá àwọn òṣìṣẹ́ ìdìbò wá rìn lọ bá àwọn ọkùnrin onífìlà. Ó ní kí wọ́n ṣí fìlà ẹgbẹ́ kúrò lórí, pé a kì í gbé àmì ẹgbẹ́ sún mọ́ ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ ìbò. Wọ́n wo Alhaji. Alhaji ò wò wọ́n. Ó yíjú, ó wọlé.

Jethro gbé páálí tí èèyàn ń bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ lọ tẹ̀ka kalẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó gbé e sí, ẹ̀yìn olùdìbò kọjú sí òpópónà. Mùktárù bẹ̀ ẹ́ pé kó yí i padà, kí ẹni tó ń tẹ̀ka fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó yí i. Wọ́n tún sún àpótí ìdìbò wá sí gbangba, níbi tí gbogbo ojú ti lè tó o.

"Ìwé ìdìbò yín nìkan ni kò gbọdọ̀ sí ẹni tó máa rí i," Jethro sọ fún àwọn èèyàn. "Àpótí, gbogbo yín ni kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹni tó bá máa lọ tẹ̀ka, kó má mú fóònù dání lọ sẹ́yìn páálí."

Bàbá Jeffrey ni wọ́n kọ́kọ́ pè, torí pé àwọn arúgbó, aláboyún àti ẹni tó ní ìpèníjà ara ni wọ́n ń fún láàyè ṣáájú. Christabel, tó wá sùn lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́jú ọjọ́ ìbò, rọra ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gba orí pákó dé iwájú tábìlì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá olùdìbò mọ̀ yẹ ìka rẹ̀ wò, kò mọ̀ ọ́n. Jethro ní kí bàbá má bẹ̀rù, ó gbé ẹ̀rọ sí i lójú, ẹ̀rọ sì mọ ojú rẹ̀. Bàbá gba ìwé, ó ti kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn páálí, kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé òun. Nígbà tó ju ìwé náà sínú àpótí, ó gbé ìka tí wọ́n kùn ní tàdáwà sókè, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́.

Oòrùn ti yọ dáadáa nígbà tí wọ́n rí Alhaja Mujeebah, ìyàwó Alhaji. Òun nìkan ló ń bọ̀, ìborùn rẹ̀ dé èjìká. Àwọn èèyàn fẹ́ fún un láyè níwájú, ó ní rárá, ó tò sẹ́yìn Fàósátù. Nígbà tí Fàósátù dìbò tán, tó sì kan Alhaja, ó pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn páálí náà. Ó jáde, ó ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàósátù.

"Ìyá Muadh," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń dìbò. Alhaji máa ń dúró tì mí ni, ó máa ń fi ìka hàn mí. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo máa dá dì."

Fàósátù di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Nígbà tí àkókò pé, Jethro ní gbogbo ẹni tó ti wà lórí ìlà á dìbò, ṣùgbọ́n a ò ní í tò mọ́ ẹni tó bá dé lẹ́yìn. Wọ́n da àpótí sílẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Bó ṣe ń gbé ìwé kọ̀ọ̀kan sókè ni àdúgbò ń bá a kà á sókè. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ buwọ́ lu èsì, ti ẹgbẹ́ Najeem náà buwọ́ lù ú, wọ́n sì lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri ilé-ìwé. Àwọn kan yọ̀, àwọn kan fajú ro. Kò sí ẹni tó jà.

Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Láàárọ̀ kan, Alhaja Mujeebah fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Alhaji wà lókè ní bàkónì, ó ń wo gbogbo wọn. Fàósátù kí i. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, ṣùgbọ́n ó dáhùn.

Ẹ̀yin ará, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òpópónà Bádéjọ lè ṣẹlẹ̀ ní òpópónà tiyín. Ẹ tètè lọ wádìí ibi tí ibùdó ìdìbò yín wà kí ọjọ́ ìbò tó dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ti gbé e lọ sí ilé òun, ẹ má gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò ni kẹ́ ẹ lọ bi. Bí ibẹ̀ bá ní ẹrẹ̀ tàbí àtẹ̀gùn tí arúgbó ò lè gùn, ẹ tètè sọ fún wọn, kẹ́ ẹ sì ṣe èyí tí agbára yín ká.

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé ibi ìtẹ̀ka sí. Bí ẹnìkan bá lè yọjú wo ìwé yín, ẹ ní kí wọ́n yí i. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, ẹ má jà, ẹ ní kí olórí ibùdó pe ọ̀gá rẹ̀. Ẹ dúró gbọ́ kíkà ìbò. Ẹ má gba ẹ̀bùn lórí ìbò yín, nítorí ẹni tó fún ni àti ẹni tó gbà á ni òfin máa mú.

Èèyàn lè fún yín lómi, ó lè fún yín ní ìrẹsì, ó lè bá yín sanwó ilé-ìwé ọmọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dá nìkan bọ́ sẹ́yìn páálí, kí ẹ tẹ ìka yín síbi tó wù yín.